Orí Fóònù Ni Mo Ti Gé Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka iṣẹ́ àánú mi fún yín.

Mo ti gbin igi tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. N kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí o. Obìnrin kan ló ń gbin igi sórí ilẹ̀ gbígbẹ, èmi tẹ ọkàn pupa sábẹ́ fídíò rẹ̀, mo sì gba ìpín tèmi nínú igbó. Mo ti gbẹ́ kànga. Mo ti fún àwọn afọ́jú níwèé. Mo ti tọ́jú ajá tí mọ́tò gbá. Orí ẹní ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo gbé fóònù sáyà.

Onítìjú ni mí. Bí aládùúgbò bá ń bọ̀ lókèèrè, èmi á ti yà sí kọ̀rọ̀ kí n má baà kí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi lórí fóònù, kìnnìún ni mí níbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni, mò ń retí èsì ìdánwò, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Aago ni wọ́n ń tún ṣe. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Bàbá Aago, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wọn kéré débi pé bí èèyàn méjì bá jókòó, orúnkún á kí orúnkún. Aago mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Tábìlì wọn wà lẹ́bàá fèrèsé. Orí rẹ̀ ni ẹ̀mú kéékèèké wà, àti awò kékeré tí wọ́n máa ń há sójú láti fi rí inú aago.

Awò náà ti sán láàárín. Gbogbo irin inú aago di méjì méjì lójú wọn.

"Kò burú," ni Bàbá Aago máa ń wí. "Mo ti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì."

Àmọ́ wọ́n á tún ráhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owó awò tuntun kò sí. Bí wọ́n bá rí i lónìí, a ó fi ra oúnjẹ lọ́la.

Ibẹ̀ ni àánú ti ṣe mí. Àánú tòótọ́ ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú ìkànnì kan tí mo pè ní Àwòkọ́ṣe, níbi tí mo ti ń gbé àwọn èèyàn àtàtà jáde kí aráyé lè kọ́ ìwà lára wọn. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ń tẹ̀ lé mi. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń ta oògùn tó ń mú irun hù. Mo ní kí n gbé Bàbá Aago síbẹ̀, bóyá ẹnì kan á ṣàánú wọn, á fi awò ránṣẹ́.

Ọmọ gidi ìbá bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ya yín ní fọ́tò?" Ojú ń ti èmi. Mo ya wọ́n láti ẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n tẹrí ba sórí iṣẹ́. Ohun tó hàn nínú fọ́tò náà ni ẹ̀yìn wọn, ọrùn ẹ̀wù wọn tí wọ́n lẹ̀, orí wọn tó ń pá, àti tábìlì. Ọwọ́ wọn wà níwájú, níbi tí ọwọ́ máa ń wà bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́.

Mo wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

*Baba yii ko lowo, sugbon ko si aago ti ko le tun se. E je ka ran an lowo.*

Ẹ kà á. Ẹ tún un kà.

Owó ni mo ní lọ́kàn. Ohun tí à ń ná.

Tíṣà tó kọ́ wa ní Yorùbá, tí à ń pè ní Tíṣà Àmì lẹ́yìn wọn, ti pariwo fún ọdún mẹ́ta: "Yorùbá tí kò lámì, ìkòkò tí wọ́n dé ni. Ẹni tó bá ṣí i ló máa mọ ohun tó bá níbẹ̀." Mo rò pé torí ìdánwò ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìdánwò sì ti parí. Mo ti kó gbogbo àmì mi dà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngán ìdánwò, mo sì jáde.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà síta láàárọ̀, mo lọ fọṣọ. Kí n tó sá ṣòkòtò kejì, fóònù ti ń gbọ̀n lórí fèrèsé bí ẹni tí ibà mú.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Hà! Kò lọ́wọ́, ó sì ń tún aago ṣe? Èmi tí mo ní méjì, mi ò lè pààrọ̀ gílóòbù."

Ẹnì kejì: "Ẹ wo bí apá ẹ̀wù yẹn ṣe ṣófo. Omi bọ́ lójú mi."

Apá ẹ̀wù náà kò ṣófo. Apá wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kẹta: "Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe é ni?"

Ẹnì kẹrin dá a lóhùn: "Ẹnu ni. Mo mọ bàbá náà dáadáa."

Ó mọ̀ wọ́n dáadáa! Èmi tí mò ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú wọn, n kò mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo tilẹ̀ kọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, owó ni mo ní lọ́kàn o." Ìka mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó fi jáde. Ni mo bá rí iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé mi. Mọ́kànlélógójì ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Mo sì rí orúkọ kan. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú mi ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta ni, ẹni tí kò pè mí ní nǹkan kan rí ju "ìwọ tó wà lẹ́yìn" lọ. Ó kọ ọ́ pé: "Mi ò mọ̀ pé o láàánú tó báyìí."

Mo pa àtúnṣe náà rẹ́. Ta ni èmi tí n ó máa já irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní irọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ láàárín ẹgbàágbèje ọkàn pupa. Tíṣà Àmì ni: "Ọmọ mi, lówó ni àbí lọ́wọ́? Fàmì sí i."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí. Lẹ́yìn náà, mo pa á rẹ́, mo sì ti ilẹ̀kùn ìkànnì mọ́ wọn kí wọ́n má lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Tíṣà tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ mi, ìka kan ni mo fi lé wọn jáde.

Ìgbà yẹn ni àṣìṣe parí. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi fà á ni.

Mo ti dá ẹnì kan tó béèrè lóhùn níbẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ló kọ́kọ́ yọjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. À ń wá bàbá kan tí kò lọ́wọ́."

Bàbá Aago yọ awò lójú. "Tí kò lọ́wọ́? Ní òpópónà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń tún aago ṣe."

"Atúnaagoṣe tí kò lọ́wọ́!" Wọ́n ju ẹ̀mú sórí tábìlì. "Ó lé lógún ọdún tí mo ti wà níbí, èmi nìkan ni mò ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ gbìyànjú òpópónà kejì."

Ọkùnrin náà lọ sí òpópónà kejì. Àwọn tó wà níbẹ̀ tún darí rẹ̀ padà sọ́dọ̀ wa. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta, aago tó ti kú há lápò, ó ń wojú ọ̀run.

"Akọ̀wé," ni Bàbá Aago wí. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, torí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. "Ta ni kò lọ́wọ́ ládùúgbò yìí?"

"Mi ò mọ̀, sà," ni mo wí, mi ò sì gbójú sókè. Ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò lójú fóònù nígbà yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá bínú ni, ì bá sàn. Orí wọn ló wú. Ọ̀rọ̀ bàbá tí kò lọ́wọ́ wọ̀ wọ́n lára ju bó ṣe wọ ẹnikẹ́ni lórí ìkànnì mi lọ. Wọn kò ráhùn awò mọ́.

"Ẹni tí kò lọ́wọ́ ń tún aago ṣe," wọ́n á wí, wọ́n á mi orí, "èmi tí Ọlọ́run fún ní méjì jókòó, mò ń sunkún awò. Ojú tì mí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé láti ibi tí mo ti lọ pọnmi, mo bá wọn lórí àga, bàtà ẹsẹ̀ kan ti kúrò, ẹ̀mú wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń wò ó bóyá báyìí ló ṣe ń dì í mú." Òógùn bò wọ́n lójú. "Àtàǹpàkò yìí kò gbọ́ràn. Yéè! Iṣan! Iṣan ti fà mí!"

Mo fọwọ́ ra ẹsẹ̀ wọn títí iṣan náà fi rọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, bó o bá rí ọkùnrin yẹn lórí fóònù rẹ, bá mi kí i. Sọ fún un pé ọ̀gá mi ni."

Mo ní mo gbọ́. Mo ti ń wá ẹni àwòkọ́ṣe fún aráyé láti ọjọ́ yìí. Mo ti wá rí ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi: àwọn fúnra wọn, láìlọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìpè kan wọlé. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mo gbé e.

"Ṣé ìwọ lo ni Àwòkọ́ṣe?" Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Èmi ni alága ẹgbẹ́ kan. Ọwọ́ àtọwọ́dá la máa ń ṣe fún àwọn tó pàdánù tiwọn. Ọwọ́ bàbá yẹn, ṣé ọ̀kan ni kò sí, àbí méjèèjì?"

Ẹ wò ó, ọ̀nà òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màlúù lè gbà á kọjá.

"Mà… ẹ ṣé… ẹ̀n…"

"Ohùn rẹ ń já. Ká a sílẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Kó o sì wọn ibi tó ṣẹ́ kù lápá rẹ̀ fún wa."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fún mi ní àkókò láti ronú. Mo ronú. Mo ká ohùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ohùn mi gbọ̀n nínú méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta dára gan-an: "Méjèèjì ni, mà. Láti ọrùn ọwọ́."

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn yà mí lẹ́nu pé ìtìjú kan náà kò dí irọ́ lọ́nà.

Wíwọ̀n kò le. Bàbá Aago máa ń fi ọrùn ọwọ́ ara wọn dán aago wò kí oníbàárà tó gbà á. Mo mọ ihò tí wọ́n máa ń há okùn aago sí. Mo fi rúlà wọn okùn náà, mo fi nọ́ḿbà ránṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ wọn tóbi, bí ọrùn ọwọ́ ẹni tó ti gbé ẹrù nígbà ọ̀dọ́.

"O ṣeun," ni Ìyáàfin Alága kọ padà. "Ọ̀kan la lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, a ó kọ́kọ́ mú tọ̀tún wá. Ẹnì kan ló kàn lórí ìlà, ṣùgbọ́n a ó bá a sọ ọ́."

N kò béèrè ẹni tó kàn. Èmi kìnnìún orí fóònù, tí mò ń wá èèyàn àtàtà kiri gbogbo ayé, n kò béèrè.

Ètò mi rọrùn. Tí wọ́n bá ti ṣe ọwọ́ náà tán, n ó sọ pé bàbá ti ṣí lọ sílùú míì. Wọ́n ní àwọn á pè mí kí wọ́n tó wá. Wọn kò pè. Wọ́n fẹ́ kó ya bàbá lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, oòrùn wà láàárín orí. Mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mò ń tẹ fóònù. Bàbá Aago ti há awò sójú, ẹ̀mú wà lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta wọlé: Ìyáàfin Alága, ọkùnrin kan tó na fóònù síwájú tó ń ká fídíò, àti ọmọbìnrin kan tó fi díẹ̀ jù mí lọ. Ọmọbìnrin náà gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sábẹ́ abíyá òsì. Apá ọ̀tún ẹ̀wù rẹ̀ wà ní kíká, wọ́n fi abẹ́rẹ́ há a. Tirẹ̀ ṣófo lóòótọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Ìyáàfin Alága wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "À ń wá bàbá tí kò lọ́wọ́."

Bàbá Aago fò dìde. "Ẹ̀yin náà ń wá a? Èmi gan-an ń wá a! Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì láti fi kí wọn.

Fóònù ọkùnrin náà ń ká a. Gbogbo wa ń wo ọwọ́. Ìka mẹ́wàá ni, ẹ̀mú wà láàárín méjì.

Ìyáàfin Alága kò gbà á. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo tábìlì, wọ́n yọ fóònù tiwọn jáde. "Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni eléyìí?"

Bàbá Aago wò ó. "Ẹ̀yìn ta rèé? Hẹ̀n! Ọrùn ẹ̀wù mi nìyí. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́." Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, wọ́n kà á sókè: "Bàbá yìí kò lówó, ṣùgbọ́n kò sí aago tí kò lè tún ṣe." Wọ́n gbójú sókè. "Òótọ́ ni. Mi ò lówó. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Wọ́n kà á bó ṣe rí ní ọkàn mi lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́. Wọ́n kà á bó ṣe yẹ, láìsí àmì kankan, nítorí wọ́n mọ òótọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀mí mi padà. Mo dìde. "Ẹ ò rí i, mà? Owó ni! Ẹ̀yin lẹ ṣì í kà. Àmì ni mi ò fi sí i."

"Àmì," ni Ìyáàfin Alága wí jẹ́jẹ́. Ohùn òwú yẹn ti di okùn. Wọ́n tẹ fóònù wọn.

Ohùn mi jáde, ó mọ́, kò gbọ̀n: "Méjèèjì ni, mà. Láti ọrùn ọwọ́."

Èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ láìfàmì sí i. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu máa ń fàmì sí tirẹ̀.

Aago mẹ́tàdínlógún ń dún lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀. Bàbá Aago jókòó. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí, "ìgbà wo lo gé ọwọ́ mi?"

Mo ti fóònù mi bọ àpò.

"Mo fẹsẹ̀ di ẹ̀mú mú níṣojú rẹ. O ra ẹsẹ̀ mi. O ò sọ̀rọ̀."

Ọmọbìnrin náà gbé àpótí lé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì ṣí i. Ọwọ́ kan wà nínú rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, awọ àti irin, okùn awọ mẹ́ta ni wọ́n fi ń dè é mọ́ apá. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tirẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Apá náà tín-ín-rín. Nínú ihò ọwọ́ náà, á máa jó bí ọmọ odó nínú garawa.

"Tèmi ni ọwọ́ yìí," ni ó wí. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ló mú tèmi lọ. Ọ̀gá mi ní bó bá di ìparí oṣù tí mi ò lè fi ọwọ́ méjì gbé páànù jáde nínú ààrò, òun á fi ẹlòmíì sípò mi. Èmi ni mo kàn. Wọ́n fi ohun tó o kọ hàn mí, mo ní kí wọ́n fún bàbá ṣáájú. Mo ní ẹni tí kò ní kankan ló yẹ ká kọ́kọ́ wò."

Ó wò mí. N kò rí ibi tí n ó fi ojú sí.

"Mo tẹ ọkàn sí i," ni ó wí. "Mo tẹ ọkàn sí irọ́ rẹ."

Ọkùnrin tó ń ká fídíò ṣì ń ká a. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo aráyé ti rí ìka mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà mi náà rí i. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí: "Bàbá jìbìtì." "Wọ́n ti jọ dì í ni." Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mẹ́rin wá kó aago wọn lọ láìtíì ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbọn tirẹ̀ wò létí bóyá Bàbá Aago ti yọ nǹkan nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò jí ẹyọ abẹ́rẹ́ rí! Wọn kò lówó tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò tuntun. Èmi ni mo wá bá wọn mú òwò lọ, mo sì fi ọ̀wọ̀ ṣe ènì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ìyáàfin Alága ti ń pa àpótí dé. Wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè rí òmíì ṣe kí oṣù mẹ́ta tó pé.

"Ọjọ́ mélòó ló kù kí oṣù parí?" ni Bàbá Aago bi ọmọbìnrin náà.

"Mọ́kànlá, sà."

"Ẹ fi ọwọ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ìyáàfin Alága wò wọ́n. "Bàbá, aago kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pé ogójì ọdún tí mo ti ń fi ọwọ́ sí aago, mo sì ti ń dín okùn aago kù fún ọrùn ọwọ́ oríṣiríṣi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí èèyàn lára."

Èmi rìn sún mọ́ tábìlì láti bá wọn gbé àpótí náà. "Má fọwọ́ kàn án," ni wọ́n wí. "Ìwọ lọ bá tíṣà tó kọ́ ọ ní àmì."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í tijú, ẹ ò lè mọ ohun tí ilẹ̀kùn jẹ́ fún irú wa. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé Tíṣà Àmì. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ọkùnrin bàtà dídán. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, ó dà bíi pé orí mi ni mò ń kàn.

Tíṣà ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Lówó ni," ni wọ́n wí, "àbí lọ́wọ́?"

Mo wólẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Wọn kò ní kí n dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìwé àti bírò jáde, wọ́n gbé e síwájú mi nílẹ̀ níbẹ̀. "Kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí orí rẹ̀ máa pá."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Mo gbé e sórí ìkànnì lálẹ́ ọjọ́ náà: pé èmi ni mo purọ́, pé Bàbá Aago kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé èmi ni mo fi ìwọ̀n okùn aago ránṣẹ́, pé ọmọ búrẹ́dì ló fi ipò rẹ̀ sílẹ̀.

Irọ́ mi gba ọkàn pupa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òótọ́ mi gba mọ́kànlá. Ọmọbìnrin iwájú kíláàsì ti lọ. Ẹni kan ṣoṣo ló kọ ọ̀rọ̀ gígùn sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ bàbá náà dáadáa: "Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n fẹ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀ ni. Bàbá yẹn kò lọ́wọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá Aago fi ṣe é. Wọ́n tú ọwọ́ náà palẹ̀ sórí aṣọ funfun. Wọ́n gé awọ, wọ́n tún un rán, wọ́n lu ihò tuntun sí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọbìnrin náà wá lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Awò tó sán yẹn náà ni wọ́n há sójú. Ó ṣì sán títí dòní. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ọmọ búrẹ́dì wá. Bàbá Aago de okùn àkọ́kọ́, wọ́n de ìkejì, wọ́n de ìkẹta. Wọ́n fà á. Kò yẹ̀. Wọ́n yọ aago ńlá kan lára ògiri, wọ́n gbé e sórí páànù kan, wọ́n ní, "Gbé e."

Ó fi ọwọ́ méjì gbé e. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e padà. Aago náà ń dún lórí páànù, kò yẹ̀.

Bàbá Aago yọ awò lójú, wọ́n ń nù ún láìnídìí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá yíjú sí mi níbi tí mo fara pamọ́ sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó na ọwọ́ tuntun náà sí mi.

"Akọ̀wé. Kí là ń pe èyí?"

Ilẹ̀ ni mò ń wò. "Ọwọ́."

"Mi ò gbọ́."

Mo gbójú sókè. "Ọwọ́ ni, àǹtí."

"Ó káre. Bọ̀ ọ́."

Mo bọ̀ ọ́. Ó tutù, ó ń rùn bíi gọ́ọ̀mù àti awọ tuntun. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkàn pupa tí mo ti tẹ̀ láyé mi kò lóǹkà, n kò sì di nǹkan kan mú rí nínú gbogbo rẹ̀. Mo di èyí mú, mo wà níbẹ̀, n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó tó, Akọ̀wé," ni Bàbá Aago wí láti ìdí tábìlì. "Fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́."